Bọ́ọ̀sì Kan, Rélùwéè Méjì

Òórùn ẹní tuntun ló kọ́kọ́ pàdé wa nínú yàrá náà. Koríko gbígbẹ ni wọ́n fi hun gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ láti ògiri dé ògiri, oòrùn ti pa á láti àárọ̀, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ àtẹ́lẹsẹ̀ wa. Ẹnu ọ̀nà ìta la ti bọ́ bàtà. Ìyẹn ò jọ mí lójú, torí inú ìjọ aláṣọ funfun ni wọ́n bí mi sí. Kí n tó mọ ABD ni mo ti mọ̀ pé a kì í wọ bàtà dé ibi tó bá ní ọ̀wọ̀. Ọ̀rẹ́ mi náà bọ́ tirẹ̀, ó to méjèèjì pọ̀, ó yí orí wọn síta gẹ́gẹ́ bí a ti rí i tí àwọn onílé ń ṣe. Ó wo ilẹ̀ yàrá náà yíká, ó ní, "Daddy máa like ibí gan-an. Gbogbo ilẹ̀ ló dà bíi praying mat." A bú sẹ́rìn-ín. Abúlé kékeré kan ni, ní ìsàlẹ̀ òkè, ní ìhà gúúsù Osaka ní ilẹ̀ Japan. Odò ń ṣàn lẹ́yìn ilé, igi gíga sì bo òkè náà lọ títí dé ibi tí ojú lè rí. Ọkàn mi balẹ̀ níbẹ̀ lọ́nà tí mi ò lè ṣàlàyé fún ọ. Kò tó wákàtí méjì lẹ́yìn náà tí ohun gbogbo dàrú.

Ọmọ Alhaji ni mo máa pe ọ̀rẹ́ mi yìí, torí bí gbogbo àdúgbò ṣe ń pè é nìyẹn. Ilẹ̀kùn wa àti tiwọn kọjú síra ní Peckham, lórí àtẹ̀gùn kan náà, níbi tí wọ́n ti wó àwọn ilé ìjọba àtijọ́ tí wọ́n sì kọ́ tuntun sí. Bàbá rẹ̀ fi ọ̀pọ̀ ọdún wa bọ́ọ̀sì ní London kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tí a wà ní kékeré, bí ìyá mi bá wà lẹ́nu iṣẹ́ àárọ̀, Alhaji ló ń mú àwa méjèèjì lọ sílé ìwé. Á di ọ̀kan mú lọ́wọ́ ọ̀tún, á di èkejì mú lọ́wọ́ òsì, kò sì ní jù wá sílẹ̀ títí a ó fi wọ gééètì. "Ọmọ Ìyá Aládùúrà" ni orúkọ tó fún mi. Bó bá di Iléyá, àwo ẹran àkọ́kọ́ tó bá jáde láti ilé wọn, ilé wa ló ń bọ̀. Ẹnì kẹta wa jẹ́ ọmọ Stockwell, a pàdé rẹ̀ ní yunifásítì. London ni wọ́n bí i sí, Yorùbá ń yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ bí ilá, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí a sọ tí kì í gbọ́. Òun ló wá ọ̀nà náà rí: ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn ará Japan ń fi ẹsẹ̀ rìn lọ síbi ìjọsìn wọn, ọjọ́ mẹ́rin gbáko nínú igbó, láti abúlé dé abúlé, pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn.

Ó yẹ kí n sọ ti fóònù. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí a débẹ̀ ni òjò lu fóònù ọmọ Alhaji pa nínú ìgboro Osaka. Láti ọjọ́ náà, tèmi di ti àwa méjèèjì. Lójoojúmọ́, bí Alhaji bá kírun àárọ̀ tán ní Peckham, ọ̀sán á ti pọ́n lọ́dọ̀ wa, ọmọ rẹ̀ á gba fóònù lọ́wọ́ mi, á kúnlẹ̀ bí ẹni pé bàbá náà ń rí i, á kí i. Bàbá á ṣàdúrà, àdúrà náà á gùn, àwa á sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ títì pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn wa, a ó máa ṣe àmín. Ọmọ Stockwell máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Alhaji ló ń darí ìrìnàjò náà láti orí àga ní Peckham.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ tí mò ń sọ yìí, ọmọ Alhaji ti lọ wẹ̀ nígbà tí fóònù dún. Àbúrò bàbá rẹ̀ ni, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Uncle.

"Ṣé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ?"

"Rárá, Uncle. Ó ń wẹ̀ lọ́wọ́."

"Ọlọ́hun ti gba Alhaji. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun sùbúhì tán ni." Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ń sunkún lẹ́yìn rẹ̀. "Má sọ fún un o. A kì í tú irú ẹ̀ fún ẹni tó wà lájò. Bó o bá sọ fún un níbẹ̀ yẹn, ta ló máa dì í mú? Má tiẹ̀ sọ pé ara wọn ò yá, ó máa mọ̀. Mú un bọ̀ wálé, àwa àgbà la máa sọ ọ́."

Ìwọ náà mọ àṣà yìí, ta ni kò mọ̀ ọ́n nínú wa? "Ara bàbá ẹ ò yá díẹ̀, máa bọ̀ nílé." Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ẹni tó gbọ́n ti ń wá aṣọ dúdú. Bí wọ́n ṣe ṣe é fún èmi náà nìyẹn nígbà tí bàbá tèmi kú ní Èkó. Wọ́n ní ibà ni. Mo ra oògùn dání láti London. Ìgbà tí mo rí àga oníke tí wọ́n tò kún iwájú ilé ni mo tó mọ̀ pé oògùn ò wúlò mọ́. Mo bínú, mo sì dárí jì wọ́n, torí ní òótọ́, nígbà tí ẹsẹ̀ mi yẹ̀ níwájú ilé yẹn, ọwọ́ mẹ́fà ló dì mí mú. Nítorí náà, nígbà tí Uncle ní kí n má sọ, kò ṣàjèjì sí mi. Mo ní, "Mo ti gbọ́, sir." Títí di ibẹ̀, mi ò tíì ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Mi ò lè dá a gbé, mo sọ fún ọmọ Stockwell létí odò. Ó wò mí bí ẹni tí mo gbá létí. Ó ní, "Nah, nah. O máa sọ fún un. Now now."

"Wọ́n ní ká má sọ."

"Who's wọ́n? Dad ẹ̀ ni, innit. Tó bá jẹ́ mummy mi ńkọ́?"

Mo ní, "Mùsùlùmí ni wọ́n. Ọ̀la ni wọ́n máa sin Alhaji. Kò sí bó ṣe lè bá a mọ́." Ìyẹn ló pa á lẹ́nu mọ́. Ó bú sẹ́kún, ó bomi odò bọ́jú kí ọ̀rẹ́ wa má bàa rí i. Nígbà tí ọmọ Alhaji jáde tó ní kí n mú fóònù wá kí òun kí Daddy, mo ti pa nẹ́tíwọ̀kì rẹ̀. Mo ní òkè ló dí i. Ó ní kò burú, pé Daddy mọ̀ pé inú igbó làwọn ń lọ.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, a gbéra ní àfẹ̀mọ́júmọ́, a rìn títí dé abúlé kejì. Ẹsẹ̀ ń ro wá, inú wa dùn. Mo yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo tan nẹ́tíwọ̀kì, mo sì bá ìpè Uncle mẹ́ta tí mi ò gbé. Mo pè é padà.

Ó ní, "Paper tí ìjọba máa fún wa ká tó lè sin òkú ò tíì jáde. Weekend ti dé, ó di Monday lẹ́yìn ìrun àílà ká tó sin wọ́n." Ohùn rẹ̀ wá yí padà, kì í ṣe ohùn àgbà tó ń pàṣẹ mọ́. "Ṣé ibẹ̀ yẹn jìnnà sí airport?"

Mo mọ ohun tó ń bi mí. Ó fẹ́ kí n sọ pé kò jìnnà. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, á ní kí n wá irọ́ kékeré kan pa, kí n mú ọmọ náà bọ̀, kó lè rí ojú bàbá rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlẹ̀. Iwájú ibùdókọ̀ gan-an ni mo dúró sí bó ṣe ń sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀sì kan ń kọjá níbẹ̀ lọ sí ìlú tó wà ní etí òkun. Láti ibẹ̀, rélùwéè méjì, a ó dé pápákọ̀ òfurufú. Bí a bá kúrò lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí Àbámẹ́ta náà tó parí, ó kéré tán kí Àìkú tó parí, a ti wà ní Peckham. Mo ṣírò gbogbo rẹ̀ nínú orí mi, kò gbà mí tó ìṣẹ́jú kan.

Mo ní, "Ó jìnnà, Uncle. Inú igbó la wà."

Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Àmúwá Ọlọ́hun ni. Ẹ jẹ́ kó rìn ín tán."

Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, má sì rò pé àwáwí ni mò ń wá. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún méjì ni mo fi gba gbogbo shift tí àwọn ẹlòmíì ń sá fún, Kérésìmesì, ọdún tuntun, ọjọ́ òjò, ọjọ́ yìnyín, kí wọ́n lè fún mi ní ìsinmi gígùn kan ṣoṣo yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti wọ ọkọ̀ òfurufú ṣáájú rẹ̀, Èkó ni gbogbo rẹ̀, òkú la sì lọ sin ní ẹ̀ẹ̀mẹrẹ̀ẹ̀rin. Ìyá mi bi mí pé kí ni mò ń wá lọ sọ́dọ̀ àwọn tí kò mọ̀ mí rí. Mo ní, "Mummy, mo fẹ́ lọ síbi tí wọn ò ti pè mí wá sunkún." Nígbà tí mo wá dúró sí ìdí bọ́ọ̀sì yẹn, mo wo òkè tó kù níwájú wa, mo sì rò ó pé òkú tún ti lépa mi dé ibí. Inú bí mi. Sí Alhaji ni inú bí mi, Alhaji tó di ọwọ́ mi mú lọ sílé ìwé. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n bó ṣe rí nìyẹn.

Mi ò sọ ti Monday fún ọmọ Stockwell. Ó rò pé wọ́n ti sin bàbá náà lọ́jọ́ Jímọ̀, ó kàn ń dá rìn níwájú wa láìsọ̀rọ̀, ọmọ Alhaji sì ń bi mí pé ta ló ṣẹ̀ ẹ́. Ọ̀nà náà lẹ́wà, ká má purọ́. Òkúta tí ewéko tútù bò ni wọ́n fi ṣe àtẹ̀gùn rẹ̀, igi dúró gbọọrọ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kùrukùru á wá bò wá, á tún ká kúrò. Bí ìrun bá tó, ọmọ Alhaji á tẹ́ aṣọ òjò rẹ̀ sílẹ̀, á wo kọ́ńpáàsì, á kọjú síbi tó yẹ, á kírun. Mo máa ń gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ nínú àdúrà rẹ̀, tó ń tọrọ ẹ̀mí gígùn fún un. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, lórí òkè tó ga jù, ó ní kí n jẹ́ kí òun gba ohùn òun sílẹ̀ sínú fóònù, kí n fi ránṣẹ́ bí nẹ́tíwọ̀kì bá dé. Ó ní, "Daddy, ẹ bá wá wo nǹkan! Gbogbo òkè ló wà nísàlẹ̀ wa. Mo rántí yín níbí o. Ẹ má worry, a ti ń jẹun, Ọmọ Ìyá Aládùúrà ń tọ́jú mi dáadáa." Ó dá fóònù padà fún mi. Mo fi ìka tẹ nǹkan kan lójú rẹ̀, mo ní ó ti lọ.

Ọjọ́ Ajé la dé òpin ọ̀nà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ní Peckham, Alhaji ti wọlẹ̀.

Ọjọ́rú la padà dé London; ní gbogbo ọ̀nà àbọ̀, mo ní fóònù tèmi náà ti kú. Uncle ti ní kí n mú un tààrà wá sílé. Ṣùgbọ́n bí a ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú rélùwéè ní Peckham Rye, ó ní òun á kọ́kọ́ fún àwọn tó ń tún fóònù ṣe ní fóònù òun, torí láti Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni òun àti Daddy ò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Mo ní kó jẹ́ ká délé ná. Ó ní ìṣẹ́jú kan ni. Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà mọ gbogbo wa, mọ́sáláṣí kan náà lòun àti Alhaji ń lọ. Ó gbójú sókè, ó rí ọmọ Alhaji, ó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sì dìde dúró.

"Ah, Sister. Ẹ kú ará fẹ́ra kù o."

Ọmọ Alhaji rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó fẹ́ béèrè pé ta ló kú. Ó wá yíjú sí mi, ó sì rí ìdáhùn náà lójú mi. Ẹrù rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ síbẹ̀ nígbà tó wólẹ̀ láàárín àwọn páálí fóònù, èmi ni mo dì í mú. Ó di èmi náà mú, ó ń pariwo bàbá rẹ̀ sí mi lọ́rùn. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Wọ́n ní kó o má sọ, àbí?" Mo ní, "Wọ́n ní kí n má sọ." Ó mi orí. Ọmọ Yorùbá ni, ó mọ àṣà. Ó sì tún fi orí rẹ̀ lé èjìká mi padà.

Ọjọ́ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e ló le jù. Bó ṣe gbọ́ pé ọjọ́ Ajé ni wọ́n tó sin bàbá rẹ̀, ó ya bo Uncle. Ó ní òun lè dé. Ó ní ìkà ni wọ́n, pé wọ́n fi ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn gba ojú bàbá òun lọ́wọ́ òun. Uncle jókòó, ó dorí kodò, kò fèsì kan, torí a kì í bá ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ jiyàn. Èmi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí àga, mò ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Mo gbé tíì fún un. Mo jẹ́ kí ọkùnrin àgbàlagbà yẹn fi orí rẹ̀ gba òkò tó yẹ kó ba tèmi, mo sì ń ní, "Ó ti tó, jọ̀ọ́, ó ti tó."

Wọ́n sún fìdáù sí ọjọ́ Àìkú kí àwọn èèyàn lè ráyè. Èmi àti ìyá mi lọ. Nígbà tí àwọn àlùfáà ṣàdúrà tán, Uncle dìde láti dúpẹ́. Ó dúpẹ́ títí ó fi kàn mí. Ó ní, "Ẹ bá mi ṣàdúrà fún ọmọ yìí. Ọmọdé ayé òde òní tó lè pa ọ̀rọ̀ mọ́nú báyìí, ó ṣọ̀wọ́n." Gbogbo ilé ń ṣe àmín. Ìyá mi rẹ́rìn-ín músẹ́. Uncle wá yíjú sí ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. "Èmi náà rò ó o. Lọ́jọ́ Friday mo bi í, mo ní ṣé ibẹ̀ jìnnà sí airport, torí mo fẹ́ kó o wá. Ó ní ó jìnnà, inú igbó lẹ wà. Kí la à bá ti ṣe?"

Ọmọ Alhaji ò pariwo. Ó gbójú sókè láti orí ẹní níbi tó jókòó sí, ó wò mí, mo sì rí i bó ṣe ń tún ọ̀nà náà rìn lọ́kàn rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti ibùdókọ̀ yẹn. Òun náà mọ ibẹ̀. Iwájú rẹ̀ la ti jẹ ìrẹsì lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò pé ogún ọdún. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni.

Ó sìn mí dé ẹnu ilẹ̀kùn nígbà tí a ń lọ, gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n kọ́. Ó dúró kí ìyá mi kọjá. Ó wá rọra sọ ọ́ pé, "Bus kan. Train méjì." Mo la ẹnu láti sọ pé àwọn àgbà ló ní kí n má sọ. Kò jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀. "Àwọn àgbà ò sí ní Japan. Ìwọ ló wà níbẹ̀." Ó ti ilẹ̀kùn, jẹ́ẹ́jẹ́ ló tì í.

Ó bẹ Uncle lójú gbogbo èèyàn, ó kúnlẹ̀ fún un, ọ̀rọ̀ wọn sì parí. Ọmọ Stockwell gbọ́ ti Monday láti ẹnu rẹ̀, òun náà ò sì gbé ìpè mi mọ́. Nígbà tó yá, ọmọ Alhaji kó lọ sí Nunhead. Títí di ìsinsìnyí, bí Iléyá bá dé, ó máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹran wá fún ìyá mi, àkókò tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ló sì ń wá. Ìyá mi á ní, "Ṣé o rí i? Ọmọ yẹn ò bínú sí ẹ." Mo máa ń gba àwo náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló kọ̀wé sí mi, ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn fìdáù. Ó ní, "Jọ̀ọ́, gbogbo picture tí mo wà nínú ẹ̀ láti Thursday yẹn títí dé Monday, pa á rẹ́. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ibi tí mo ti ń rẹ́rìn-ín tí òkú Daddy mi ṣì wà nílẹ̀." Àkókò oúnjẹ ọ̀sán ni, mo jókòó sí yàrá òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọ́n rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Òun lórí àtẹ̀gùn òkúta. Òun níbi tó ti ń pọnmi mu. Àwa méjèèjì lórí òkè tó ga jù, tí a di ara wa mọ́ra, tí afẹ́fẹ́ ń gbé ìborùn rẹ̀. Nígbà tó yá, mi ò wo ojú rẹ̀ mọ́, ojú tèmi ni mò ń wá nínú wọn. Mo ti máa ń sọ fún ara mi pé ìyà ni mo jẹ lórí òkè yẹn, pé èmi nìkan ni mo dá ẹrù náà gbé fún odindi ọjọ́ mẹ́rin. Mo wá àmì ìyà náà nínú àwòrán kan, mo wá a nínú òmíràn, mi ò rí i. Ẹ̀rín ni mò ń rín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀tàn, mo mọ ẹ̀rín ara mi. Ẹ̀rín ẹni tí inú rẹ̀ dùn dénú ni.

Ẹ̀bi irọ́ náà, mo ti gbà á. Èmi ni mo pa á, mo sì ti bẹ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lójú ara mi lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mi ò tíì mọ ẹni tí mo lè bẹ̀ nítorí rẹ̀. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ náà wúwo lọ́wọ́ mi. Kò wúwo rárá.